Oníṣègùn Tí Ó Tún Jẹ́ Olùwádìí: Ìtàn Oyè Méjì Lọ́wọ́ Ẹnì Kan ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 1889

Ìfáàrà

Kò sí bí àwọn ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ṣe lè sọ ìtàn agbègbè wọn kí wọ́n má dárúkọ ogun Jálumi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọdún 1878, ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣe olórí wọn, ṣẹ́gun àpapọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ìtòsí Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá àsálà ni ó kó sínú odò Ọ̀tìn, èyí ni ó sì fún ogun náà lórúkọ. Inú ìwé The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìròyìn ogun yìí ní kíkún. Ohun tí wọn kì í sábà kíyè sí ni orúkọ kejì tí ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, èyíinì ni orúkọ Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò òǹkọ̀wé.

Ìwé àfọwọ́kọ tí Samuel fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀ sọnù. Samuel fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901. Obadiah ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó tún ìwé náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921, ọdún kan lẹ́yìn tí òun náà ti kú. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó fi jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, kí ó tó fọwọ́ kan ìtàn Yorùbá rárá, Yunifásítì Edinburgh ti fún un ní oyè M.D. lórí ìwádìí tí ó ṣe nípa oògùn àti ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo aláìsàn. Ó tún wá kọ́ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn, tí a sì ń kó ẹ̀rí jọ láti dáhùn rẹ̀. Kò ṣòro láti gbà pé ẹ̀kọ́ kejì yìí wúlò fún un nígbà tí àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, oníṣègùn tí ó tún jẹ́ olùwádìí, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Láti ìgbà Obadiah Johnson títí di òní, ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní wọn, àwọn kan nínú wọn sì gbayì káàkiri àgbáyé. Ohun tí kò sí ni àkàsọ̀ tí wọn yóò máa bá gùn. Olúkúlùkù ni ó ń gbẹ́ àkàsọ̀ tirẹ̀, bí ó bá sì ti gòkè tán, àkàsọ̀ náà kì í sábà dúró de ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Oyè méjì, iṣẹ́ méjì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ oyè yékéyéké, nítorí pé orúkọ kan náà kì í túmọ̀ sí ohun kan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, M.D. ni oyè tí ń sọ ènìyàn di dókítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó jẹ́ àmọ́nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, M.B. ni oyè tí ń sọ ènìyàn di dókítà, yálà wọ́n kọ ọ́ ní MB BS tàbí MB ChB, M.D. jẹ́ oyè gíga tí dókítà ń gbà lẹ́yìn tí ó bá ti kọ ìwé ìwádìí. Oyè ọ̀mọ̀wé, tí ń jẹ́ Ph.D. níbi púpọ̀ tí ó sì ń jẹ́ D.Phil. ní Oxford, kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìtọ́jú aláìsàn. Ìwádìí ni gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Aláìsàn tí ó jókòó níwájú dókítà fẹ́ ìwòsàn lónìí, kò lè dúró di ìgbà tí ẹ̀rí bá pé. Olùwádìí ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú, iyèméjì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn nìkan ni ó sábà máa ń rí ìbéèrè tí ó tọ́ láti gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi pinnu láti so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1956, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Western Reserve ní ìlú Cleveland bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba M.D. àti Ph.D. papọ̀. Ní ọdún 1964, àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn fún ìwádìí ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í san owó irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣègùn fún bí ọdún méjì, yóò yà sí yàrá àyẹ̀wò fún bí ọdún mẹ́rin, yóò sì padà wá parí iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí ọdún mẹ́jọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ. Ìlú tí ó ní gbogbo èyí náà kò sinmi àníyàn, nítorí pé ní ọdún 1979 ni James Wyngaarden kìlọ̀ fún wọn pé dókítà tí ń ṣe ìwádìí ti ń di ẹ̀yà tí ó fẹ́ run.

Láti Edinburgh dé Yaba

Obadiah Johnson kọ́ ni ó kọ́kọ́ tọ ọ̀nà yìí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Africanus Horton, ọmọ Sierra Leone tí ìran rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ti gba M.D. ní Edinburgh ní ọdún 1859, ojú ilẹ̀ àti àìsàn etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì fi ṣe ìwádìí. Ó yẹ ní kíkíyèsí pé àwọn méjèèjì gbé ìbéèrè tiwọn láti ilé lọ sí òkèèrè.

Ìlẹ̀kùn náà kò ṣí pẹ́. Ní ọdún 1902, ìjọba amúnisìn da àwọn dókítà wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, òfin ẹgbẹ́ náà sì ni pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Òyìnbó nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú tí ó bá bá ìjọba ṣiṣẹ́ yóò wà ní ìsàlẹ̀ Òyìnbó, ì báà ju Òyìnbó náà lọ ní oyè. Síbẹ̀, ìwádìí kò tán lọ́kàn wọn. Ògúntọ́lá Sápárá, tí ó kú ní ọdún 1935, wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ Ṣànpọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀ láti ọwọ́ àwọn kan nínú wọn, ohun tí ó rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Kò sí Yunifásítì tí ó fún un ní oyè kankan lórí èyí, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìwádìí, kí ni orúkọ rẹ̀?

Yaba ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Láti ọdún 1925 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àjọ Rockefeller rán wá láti Amẹ́ríkà ti ní yàrá àyẹ̀wò ńlá ní Yaba, níbi tí wọ́n ti ń wá kòkòrò tí ó ń fa ibà pọ́njú. Ní ọdún 1927, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, tí ń jẹ́ Asibi, ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé ọlọ́jẹ̀ ni ó ń fa àìsàn náà. Láti ara ẹ̀jẹ̀ yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí gbogbo ayé ń lò ti wá. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1930 ni ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba yìí kan náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Igbákejì dókítà ni wọ́n fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dà. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà kò jẹ́ oyè Yunifásítì, kò sì sí ìwádìí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ládùúgbò kan náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò rò ó pé wọ́n lè pàdé nínú orí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan. Ìyapa tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ́ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ti kásẹ̀.

Ìbàdàn: Akínkúgbé àti Ọ̀ṣúntókun

Ní ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́ Yaba. Oyè Yunifásítì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà. Ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UCH ṣí ní ọdún 1957, ní ọdún 1962 sì ni Ìbàdàn di Yunifásítì tí ó dá dúró. Ìran àwọn dókítà tí ó jáde ní àkókò yẹn ni ó kọ́kọ́ ní àǹfààní láti gba oyè méjèèjì, àwọn méjì nínú wọn sì tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọládìípọ̀ Olújìmí Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tí a bí ní ọdún 1933, gba oyè ìṣègùn London ní ọdún 1958. Dípò kí ó jókòó ti iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìkan, ó lọ sí Oxford, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol, níbi tí George Pickering, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ jù nípa ẹ̀jẹ̀ ríru láyé ìgbà náà, ti ń kọ́ni. Ara ehoro ni ó ti ṣe àyẹ̀wò ohun tí ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ó gba D.Phil. ní ọdún 1964, ó padà sí Ìbàdàn, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1968, ọdún yẹn kan náà ni London fún un ní M.D. Lẹ́yìn náà ni ó di olórí àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ìlọrin. Ìbéèrè tí ó gbé lọ sí Oxford kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe alága rẹ̀ ni ó ka iye àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìròyìn wọn tí ó jáde ní ọdún 1997 sì fi hàn pé ó tó ìpín 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nígbà náà ga ju èyí tí àwọn dókítà ń lò lónìí lọ. Láti ara ehoro kan ní Oxford dé orí gbogbo orílẹ̀-èdè: ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ó gbà.

Ti Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí a bí ní ọdún 1935, bẹ̀rẹ̀ láti ara oúnjẹ. Àwọn àgbàlagbà kan ń wá sí UCH tí ẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí iná, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá dìde, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Àwọn dókítà tí ó ṣáájú rẹ̀ ti ṣàkíyèsí àìsàn náà. Ọ̀ṣúntókun lépa rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí ó ti rí i pé ẹ̀gẹ́ ni àwọn aláìsàn náà ń jẹ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, lọ́dún dé ọdún. Májèlé kan tí ń jẹ́ sáyánáìdì máa ń jáde lára ẹ̀gẹ́ nígbà tí a bá rin ín. Rírẹ, fífún àti yíyan ni ó ń dín in kù. Èyí tí ó bá kù, ara ènìyàn a sọ ọ́ di ohun mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣúntókun wọn ohun mìíràn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì bá a lọ́pọ̀ yanturu. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde nínú jọ́nà Brain ní ọdún 1968. M.D. àti Ph.D. ni ó ní lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, tí ó tún fi D.Sc. kún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn ẹ̀gẹ́ yìí ti wúlò jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí oyè ìwádìí ń kọ́ dókítà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. O. S. A. Olúwọlé, dókítà onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lọ sí Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tí a bí Hubert Ògúndé sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé àìsàn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó bá a níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Karolinska ní Sweden láti fi gba Ph.D., ó sì ṣe ohun tí olùwádìí tí a kọ́ dáadáa máa ń ṣe: ó wá ìlú tí kò ní àìsàn náà láti fi wé èyí tí ó ní in. Jọ́bẹ̀lẹ̀, ní agbègbè Ọ̀yọ́, ni ó lọ. Àwọn ará Jọ́bẹ̀lẹ̀ náà ń jẹ ẹ̀gẹ́. Kódà, sáyánáìdì tí ń wọ ara wọn pọ̀ ju ti Òsósà lọ. Síbẹ̀ àìsàn náà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, sáyánáìdì nìkan kò lè jẹ́ okùnfà.

Òkìkí Ọ̀ṣúntókun kò wọmi nípa èyí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọn ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ̀lé e ní ohun tí yóò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n láwùjọ tí a ti ń kọ́ ọmọdé pé kí ó má já àgbà nírọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìbàdàn tó lè dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ bàbá ìmọ̀ náà wò láìsí àrífín, ó ní irú ẹ̀kọ́ tí yóò ti gbà. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í kọ́ni bẹ́ẹ̀. Inú ìṣègùn, ẹni tí ó ti ṣe é pẹ́ ni ó ń ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè gan-an. Láti ọdún 1992 ni Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Indianapolis, ti ń fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lórí àrùn tí ń pa iyè rẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa bi àwọn àgbàlagbà náà ni wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún ní kí ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bí ó bá yẹ̀. Ìbéèrè tí ó ń gba pé kí ènìyàn mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà kò bá ọ̀pọ̀ wọn mu, nítorí náà wọ́n ní láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dán iyè wò láìlo ìwé. Ọ̀ṣúntókun kú ní ọdún 1995, Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn mìíràn ń bá a lọ. Ní ọdún 2001, èsì jáde: lọ́dọọdún, ìpín 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kó irú àrùn náà tí ń jẹ́ Alzheimer ní Ìdíkàn, ó sì jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Bí Yorùbá inú ìbéèrè náà kò bá dá ṣáká, iye yẹn kò ní níláárí.

Ìmẹ̀sí-Ilé àti àdánwò Ifẹ̀

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, láàárín ọdún 1956 sí 1961, David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣooṣù. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tí ìlà inú rẹ̀ ń fi hàn bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Àwọn ìyá ní Ìnísà àti ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé rí ti lo irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1975, ilé ìwòsàn Wesley Guild di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìlera tí Ifẹ̀ ti dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. I. Grillo, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, gbé ìgbésẹ̀ tí ó sún mọ́ àkàsọ̀ tí à ń wá jù lọ ní ilẹ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ sí ilé ìwòsàn tààrà. Yóò kọ́kọ́ gba oyè B.Sc. nínú ìmọ̀ ìlera, kí ó tó tẹ̀síwájú láti gba MB ChB. Èyí já sí pé kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó ti jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yà sí ìwádìí ti ní oyè tí ó lè fi yà. Ọ̀pọ̀ àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn tí ó jáde níbẹ̀ láyé ìgbà náà ṣì ń kọ oyè méjèèjì lẹ́yìn orúkọ wọn. Kò tíì jẹ́ Ph.D., òótọ́ ni. Ìdajì ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìdajì tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí ó bá wọlé, tí kì í ṣe ti ẹni tí ó bá rí olùrànlọ́wọ́ ní Oxford. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yòókù ní Nàìjíríà kò sọ ọ́ di àṣà wọn.

Àríyànjiyàn lórí Ph.D.

Ìjọba ológun fi òfin dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Gíga ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1979, kí àwọn dókítà lè di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàtàkì nílé láìlọ sí òkèèrè. Oore ńlá ni. Dókítà tí ó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà yóò ṣe ìdánwò, yóò sì kọ ìwé ìwádìí kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ẹ̀rí yìí tó láti fi di olùkọ́ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìṣègùn Yunifásítì. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ tí ń mójútó àwọn Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo olùkọ́ Yunifásítì ní Ph.D., ìjà dé. Àwọn dókítà ní kí ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ abẹ dójú àmì fẹ́ fi Ph.D. ṣe, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìwé ìwádìí kan kò sọ ènìyàn di olùwádìí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Ohun tí ìjà náà fi pamọ́ ni pé wọ́n ń jà lórí ìwé ẹ̀rí, wọn kò jà lórí ọ̀nà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti wá dá oyè M.D. tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti di ọmọ ẹgbẹ́, èyí sì dára, ṣùgbọ́n òkè òkè ni àkàsọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrànwọ́ tí ó tún wá láti ìta yẹ fún ìyìn. Láti ọdún 2008 ni CARTA, àjọṣe àwọn Yunifásítì Áfíríkà tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti ń ran àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ lọ́wọ́ láti gba Ph.D. ní Yunifásítì tiwọn, láìfi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Dókítà wà lára wọn, nọ́ọ̀sì náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti di olùkọ́ ni ó ń dé ibẹ̀.

Ìṣirò ọmọ Ìnísà

Kí a wá mú ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìnísà, tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ rí i pé ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ìdáhùn inú ìwé lọ. Bí ó bá wọ Yunifásítì ní ọmọ ọdún 18, ìṣègùn yóò gba ọdún mẹ́fà, ó di 24. Ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀: 26. Bí ó bá rí àyè kíákíá láti kọ́ ẹ̀ka pàtàkì kan, ọdún mẹ́fà mìíràn: 32. Ph.D. gba ọdún mẹ́rin bí nǹkan bá lọ déédéé: 36. Kò sí ìyanṣẹ́lódì kankan nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ta ni kò mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì a máa wà?

Kì í ṣe pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tètè parí púpọ̀ jù ú lọ. Àwọn náà ń lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dá dúró. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí ń bọ́ wọn. Ní ọmọ ọdún 26, dókítà ọmọ Ìnísà ti ní àbúrò tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ àti òbí tí ó ti ta oko láti rán an. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi bí ó bá gba iṣẹ́ ní Saudi Arabia tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè rẹ̀ a sì bá a lọ. Níbẹ̀, ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa dáhùn, bí ó bá tilẹ̀ ráyè dáhùn èyíkéyìí.

Nǹkan kò jìnnà sí Ìnísà mọ́ bí ti àtijọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti pín Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní ìparí ọdún 2020, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Òṣogbo ti di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìrìn wákàtí kan kò sì tó nínú ọkọ̀ láti Ìnísà gba Ìkìrun dé ibẹ̀. Ní apá kejì, ìjọba àpapọ̀ ti dá Yunifásítì ìmọ̀ ìlera sílẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà mọ fọ́ọ̀mù tí yóò rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ Ph.D. náà mọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ méjèèjì, fọ́ọ̀mù méjì ni yóò rà, ọdún 14 ni yóò sì wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì.